Gígun òkè Fuji lóru láti wo bí oòrùn ṣe ń yọ: ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ láti London, ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ọmọ Lísàbí (Chiba)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń bọ̀ wá kí mi ní Japan lóṣù kẹjọ. Ohun kan ṣoṣo tó ní òun fẹ́ ṣe kí òun tó padà sí London ni pé kí àwa méjèèjì gun òkè Fuji lóru, kí ilẹ̀ mọ́ bá wa lókè, ká sì wo oòrùn bó ṣe ń yọ. Ó pẹ́ tó ti ń sọ ọ́.

Ohun tí mo rò ni pé tí mo bá kúrò níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, ká wọ bọ́ọ̀sì ní Shinjuku ní Tokyo, ká bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, ká máa rìn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ká sì sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ Sátidé. Mi ò fẹ́ náwó sí ilé ìsùn orí òkè, torí oorun kọ́ la ń bá lọ síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti lé lẹ́ni àádọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ le, ó máa ń rìn jìnnà dáadáa lópin ọ̀sẹ̀. AS ni jẹnotáìpù rẹ̀, AA ni tèmi. Èmi ò tíì gun òkè kankan tó ju Olúmọ lọ.

Ọ̀nà wo ló dára jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin? Irú aṣọ wo la máa wọ̀? Ṣé òótọ́ ni pé òtútù ń mú níbẹ̀ bí ooru tilẹ̀ ń mú ní Tokyo? Ẹ ṣé o.

Àgbà Saitama

Àbúrò, ẹ kú ìmúra. Bí ẹ ṣe là á sílẹ̀ yẹn gan-an làwa ṣe é nígbà tá a ṣì lágbára. A gbéra lálẹ́, a ò sùn rárá, nígbà tó fi máa di aago mẹ́rin ìdájí a ti wà lókè téńté. Kò sí ohun tó dùn tó o. Ẹ gba ọ̀nà Yoshida, òun ni bọ́ọ̀sì Shinjuku ń lọ tààrà, kò ju wákàtí méjì ààbọ̀ lọ. Ilé ìsùn yẹn, owó rẹ̀ lè lé ní 10,000 yẹ́nì lórí ẹnì kan, àyè tí wọ́n á sì fún yín kò fẹ̀ ju ẹní kan lọ. Ẹ fi owó yẹn ra bàtà gidi.

Ìyá Ìbejì (Yokohama)

Ẹ má bínú, Àgbà Saitama, ohun tẹ́ ẹ sọ yìí ti di ti àtijọ́. Láti ọdún 2024 ni wọ́n ti gbé géètì sí Ibùdó Karùn-ún lọ́nà Yoshida, ìyẹn ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń já èèyàn sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Lọ́dún yẹn, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń tì í. Ní 2025 wọ́n sún un síwájú di aago méjì ọ̀sán. Wọn kì í sì í ṣí i títí di aago mẹ́ta ìdájí, àyàfi fún ẹni tó bá lè fi hàn pé òun ti gba àyè sílé ìsùn. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin èèyàn ni wọ́n ń jẹ́ kó kọjá lójúmọ́, ẹnì kọ̀ọ̀kan á san 4,000 yẹ́nì. Ẹni tó bá dé síbẹ̀ láago mẹ́sàn-án alẹ́ láìní ilé ìsùn, inú bọ́ọ̀sì ló máa padà sí.

Nǹkan mìíràn ni pé àwọn òṣìṣẹ́ tó wà ní géètì lè dá èèyàn padà tí wọ́n bá rí i pé kò wọ aṣọ tó yẹ tàbí bàtà tó yẹ. Wọn ò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Àgbà Saitama

Ẹ ṣé, Ìyá Ìbejì. Ó yẹ kí wọ́n gba ìhà Shizuoka nígbà náà, ọ̀nà Fujinomiya. Níbẹ̀, kò sí géètì, kò sí owó àpàpàǹdodo, ẹni tó bá wù ú á fi 1,000 yẹ́nì ta wọ́n lọ́rẹ. Òun ló sì kúrú jù.

Akẹ́kọ̀ọ́ Shizuoka

Ẹ̀gbọ́n Saitama, ìyẹn parí ní 2024. Láti 2025, ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà níhà ọ̀dọ̀ wa, ìyẹn Fujinomiya, Gotemba àti Subashiri, ti di 4,000 yẹ́nì pẹ̀lú. Èèyàn gbọ́dọ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù ṣáájú, á ka ẹ̀kọ́ kékeré lórí òfin òkè náà, á sì dáhùn ìbéèrè lórí rẹ̀. Tó bá ti kọjá aago méjì ọ̀sán títí di aago mẹ́ta ìdájí, ẹni tí kò ní ilé ìsùn kò gbọdọ̀ wọlé. Ní ti owó àti aago, ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti dọ́gba báyìí. Kí Ọmọ Lísàbí ṣáà tún yẹ òfin ọdún tó máa lọ wò kó tó sanwó ohunkóhun, torí ọdọọdún ni wọ́n ń tún un ṣe.

Mo fẹ́ sọ ìdí tí wọ́n fi ṣe òfin yìí, kó má dà bíi pé owó nìkan ni wọ́n ń wá. Irú ìrìn tí ẹ̀gbọ́n wa ń ròyìn yẹn, dangan tozan ni wọ́n ń pè é níbí, ó sì ti da àwọn èèyàn láàmú púpọ̀. Ẹ wò ó: láàárọ̀, èèyàn wà ní Chiba, etí òkun. Lálẹ́, bọ́ọ̀sì gbé e dé Ibùdó Karùn-ún Yoshida tó ga tó 2,300 mítà. Láìsinmi, láìsùn, ó tún fẹ́ fi òru kan ṣoṣo gun nǹkan bí 1,500 mítà lé e. Afẹ́fẹ́ tó wà lórí Fuji kò ju bí ìdá méjì nínú mẹ́ta èyí tó wà létí òkun lọ. Ara kò tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Orí á máa fọ́, èébì á máa gbé e, ẹsẹ̀ á máa wúwo. Ẹni tó bá sì lágbára, tó sáré gùn ún, á dé orí láago méjì òru pẹ̀lú òógùn lára, á wá jókòó sórí òkúta fún ohun tó lé ní wákàtí méjì nínú afẹ́fẹ́ líle, kó máa retí oòrùn. Àwọn ilé ìsùn kò ní ṣílẹ̀kùn fún un. Mo ti rí àwọn tó dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbẹ́ nítorí pé ibẹ̀ nìkan ni afẹ́fẹ́ kò ti fẹ́ lù wọ́n. Ojú wọn ò mọ oòrùn mọ́ nígbà tó fi yọ.

Ẹ gba ilé ìsùn. Ẹ kúrò ní Ibùdó Karùn-ún lọ́sàn-án, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti jókòó síbẹ̀ fún wákàtí kan, kí ara lè mọ afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lára. Ẹ rìn jẹ́jẹ́ dé ilé ìsùn ṣáájú ìrọ̀lẹ́, ẹ jẹun, ẹ sùn, kẹ́ ẹ wá jí lóru. Gígun òkè lóru náà ṣì ni.

Nọ́ọ̀sì Leeds

Ẹ kú àpérò o. Ohun tó mú mi dá sí i ni AS tí Ọmọ Lísàbí dárúkọ, tí kò sì sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, mo sì ń tọ́jú àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde.

AS kì í ṣe àìsàn. Ọ̀pọ̀ àwọn AS ló ń gun òkè tí nǹkan kan kò ṣe wọ́n, mi ò sì sọ pé kí ẹ̀gbọ́n má lọ. Ṣùgbọ́n tí èèyàn bá dé ibi tí afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́, pàápàá tó bá ti ń sún mọ́ 3,000 mítà, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ti AS lè bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, kó dí àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tìn-ìn-tín. Ẹ̀yà ara tó sábà máa ń kọ́kọ́ jẹ palaba ìyà rẹ̀ ni èyí tó wà lábẹ́ egungun ìhà lápá òsì, tí àwọn dókítà ń pè ní spleen. Òǹgbẹ, òtútù àti àṣejù ń mú un burú sí i, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì wà lórí Fuji lóru. Àwọn dókítà ti kọ ìròyìn nípa ọ̀pọ̀ irú rẹ̀, àwọn mìíràn nínú àwọn tó ṣẹlẹ̀ sí kò tiẹ̀ mọ̀ pé AS làwọn.

Nítorí náà, kí ẹ̀gbọ́n bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó wọ bàálù, kó sì sọ gbangba pé òkè tó ga tó 3,776 mítà lòun ń lọ. Kó tún jẹ́ kí wọ́n yẹ jẹnotáìpù náà wò lẹ́ẹ̀kan sí i ní London. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń gbé káàdì tí wọ́n ṣe fún wa nígbà tá a wà níléèwé kiri, àyẹ̀wò òde òní sì ti fi hàn pé irọ́ ni ohun tí wọ́n kọ sórí òmíràn. Tó bá jẹ́ SS tàbí SC ló jáde, kí ẹ pa ọ̀rọ̀ Fuji tì.

Tí inú rẹ̀ lápá òsì lókè bá bẹ̀rẹ̀ sí í dun ún, tàbí tí ìrora náà bá ń ta dé èjìká òsì, tó sì ń bì, ẹ má sọ pé ebi ni, ẹ má sọ pé ká dé ilé ìsùn ná. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ sì sọ fún àwọn tó bá gbà yín pé AS ni. Dókítà Japan tí kò tíì tọ́jú AS rí lè máà ronú kàn án láé.

Ọmọ Ekìtì (Houston)

Nọ́ọ̀sì, a kí yín fún iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká dẹ́rù ba ìyá náà. Àbúrò mi ọkùnrin, AS ni, ó gun Kilimanjaro, 5,895 mítà, ó dé orí, ó sọ̀ kalẹ̀ láìsí ẹ̀fọ́rí. Àwa tá a dàgbà sí Ekìtì, láti kékeré la ti ń tẹ̀ lé àwọn ìyá wa lọ sórí òkè àdúrà, a ó gbààwẹ̀, a ó ṣọ́ òru, a ó sì sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀. AS pọ̀ láàárín wa. Ẹni tára rẹ̀ bá le, tó sì mú omi dání, kò séwu.

Nọ́ọ̀sì Leeds

Inú mi dùn pé àbúrò yín sọ̀ láyọ̀. Ẹ bi í léèrè ọjọ́ tó lò. Kilimanjaro kì í ṣe ìrìn òru kan, ó kéré tán ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà ni wọ́n fi ń gùn ún tí wọ́n sì fi ń sọ̀, ara á máa kọ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Fuji kéré sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìkánjú tí wọ́n fi ń gùn ún ló ń fa wàhálà. Àwọn òkè àdúrà wa ní Ekìtì ńkọ́? Mo ti gun díẹ̀ nínú wọn, kò sí èyí tó ga tó ìdajì ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń já èèyàn sílẹ̀ ní Fuji. Ààwẹ̀ tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn gan-an ni mi ò fẹ́ kí AS kankan gbà lọ síbẹ̀. Kó jẹun, kó mu omi kí òǹgbẹ tó gbẹ ẹ́.

Mi ò dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ kó lọ, mo sì fẹ́ kó mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀.

Ọmọ Ekìtì (Houston)

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn wọ̀ mí létí. Ọjọ́ méje ni tiwọn. Ẹ ṣé, mo gbà.

Ọmọ Lísàbí (Chiba)

Ẹ̀yin ará wa, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo fi ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, ó ti gba ọjọ́ lọ́dọ̀ dókítà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilé ìsùn náà ti yé mi. Ó wá ku ọ̀nà tá a máa gbà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Shizuoka

Subashiri ni màá sọ fún ẹni tí mo bá fẹ́ràn. Ìhà ìlà oòrùn ló wà, ẹ ó rí oòrùn láti ojú ọ̀nà. Nǹkan bí 2,000 mítà ló ti bẹ̀rẹ̀, inú igbó tútù lẹ ó kọ́kọ́ rìn, èrò kò pọ̀, ẹ̀dọ̀fóró á sì ráyè mọ́ra. Ọ̀nà Gotemba ní tiẹ̀, ẹ má wulẹ̀ wò ó: 1,440 mítà ló ti bẹ̀rẹ̀, ilé ìsùn ò pọ̀, wákàtí méje sí mẹ́jọ ni gígùn rẹ̀. Fujinomiya ló kúrú jù, láti nǹkan bíi 2,400 mítà, ṣùgbọ́n ìhà gúúsù ló kọjú sí. Ara òkè fúnra rẹ̀ lè bo oòrùn mọ́ yín lójú títí ẹ ó fi dé orí. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì fi ń gùn tí wọ́n fi ń sọ̀ níbẹ̀, ẹni tó ń sọ̀ á máa dúró de ẹni tó ń gùn.

Ìyá Ìbejì (Yokohama)

Ọmọ mi, Subashiri dára fún àwọn tó ti gun òkè rí. Obìnrin tó lé ní àádọ́ta ọdún, tó jẹ́ AS, tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́ pẹ̀lú àbúrò tí kò ju Olúmọ lọ: Yoshida ni. Òun náà kọjú sí ìlà oòrùn. Ilé ìsùn tò tẹ̀ léra láti Ibùdó Keje lọ sókè, ibi tí ẹ̀mí bá ti fẹ́ bọ́, ẹ ó rí ibi tẹ́ ẹ ti máa jókòó. Ilé ìtọ́jú máa ń wà ní Ibùdó Keje àti Ìkẹjọ lásìkò gígun òkè. Lójú tèmi, ìyẹn nìkan ti tó láti fi yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń sọ̀ kalẹ̀ sì yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi ń gùn.

Mo tún fẹ́ sọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ gbọ́. Kò di dandan kẹ́ ẹ wà lókè téńté nígbà tí oòrùn bá yọ. Subashiri àti Yoshida pàdé níbi tí wọ́n ń pè ní Hon-hachigōme, ní nǹkan bí 3,400 mítà. Láti ibẹ̀ lọ sókè, láàárín aago méjì sí mẹ́rin òru, pàápàá lópin ọ̀sẹ̀, èrò á tò lọ sókè pẹ̀lú iná lórí wọn, ẹ ò ní lè yára, ẹ ò ní lè yà. Ìṣísẹ̀ kan, ìdúró méjì. Òtútù á sì máa wọ egungun. Èmi àti bàbá wọn jókòó sẹ́nu ilé ìsùn wa ní Ibùdó Kẹjọ, bùláńkẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, tíì gbígbóná lọ́wọ́. Ìkùukùu tẹ́ sísàlẹ̀ wa bí òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n, oòrùn sì là á jáde ní ojú wa gan-an. Lẹ́yìn náà la jẹun, tá a wá gun ìyókù nínú ìmọ́lẹ̀ nígbà tí gbogbo èrò ti ń sọ̀ kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó tì wá.

Àgbà Saitama

Èyí ni mi ò ní gbà fún yín o, Ìyá Ìbejì. Ẹni tó ti London wá nítorí oòrùn orí Fuji, ẹ ní kó wò ó látẹnu ọ̀nà? Tó o bá kọjá abẹ́ torii tó kẹ́yìn, ìyẹn ẹnu ọ̀nà ojúbọ wọn, tó o bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn àwọn èèyàn lókè, tí ojú ọ̀run bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n nígbà tó ku bíi wákàtí kan kí oòrùn yọ, tí gbogbo àjèjì tó wà níbẹ̀ wá hó lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn àgbààgbà Japan gbọ́wọ́ sókè, wọ́n ń kígbe "banzai". Mi ò tíì rí irú rẹ̀ níbòmíràn. Ibẹ̀ sì ni ẹnu kòtò iná ti wà, ibi tó ga jù, Kengamine, wà lódìkejì kòtò náà, ẹ lè yí i po fún nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀. Iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ wà níhà Fujinomiya lókè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ lè fi káàdì ránṣẹ́ sílé láti ibẹ̀. Kí ẹ kúrò nílé ìsùn láago kan òru, ẹ ó dé kí èrò tó dí.

Ìyá Ìbejì (Yokohama)

Gbogbo ohun tẹ́ ẹ kà sílẹ̀ yẹn, torii, kòtò, káàdì, ó ṣì wà níbẹ̀ láago mẹ́jọ àárọ̀. Igbe yẹn nìkan ni wọn ò ní bá. Ẹ jẹ́ kí ìyá náà fẹnu ara rẹ̀ sọ èyí tó fẹ́ nígbà tó bá rí bí ara rẹ̀ ṣe rí lóru ọjọ́ yẹn. Tó bá jí láago kan tí orí ò fọ́ ọ, kí wọ́n máa lọ. Tí orí bá ń fọ́ ọ, kó jókòó.

Nọ́ọ̀sì Leeds

Mo fọwọ́ sí èyí tí Ìyá Ìbejì sọ kẹ́yìn yìí. Àtẹ́gùn inú agolo tí wọ́n ń tà níbẹ̀ lè tù ú lára fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kì í ṣe oògùn. Sísọ̀ kalẹ̀ ni oògùn.

Aránṣọ Nagoya

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti aṣọ, iṣẹ́ mi nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá gun òkè 100 mítà, ooru á fi nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá dígírì dín kù. Nígbà tí Tokyo bá wà ní 33, orí Fuji lè wà ní nǹkan bíi mẹ́wàá, ní ìdájí ó lè sún mọ́ òdo, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ á sì jẹ́ kó dà bíi pé ó ti kọjá ibẹ̀.

Aṣọ òwú ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ nílé. Síńgílẹ́ẹ̀tì òwú, ṣòkòtò jíǹsì, ìbọ̀sẹ̀ òwú: gbogbo wọn ló ń mu òógùn, wọn kì í sì í gbẹ. Nígbà tẹ́ ẹ bá dúró, omi tútù lẹ wọ̀ sára yẹn. Polyester tàbí aṣọ irun àgùntàn tín-ínrín ni kó kan awọ ara, kí èyí tó nípọn tẹ̀ lé e, kí aṣọ òjò wà lókè. Aṣọ òjò tó ní ẹ̀wù tó sì ní ṣòkòtò ni mò ń wí o, kì í ṣe ọ̀rá tí wọ́n ń tà ní 100 yẹ́nì, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á ya á lẹ́ẹ̀kan. Agbòòrùn ò wúlò rárá. Ẹ mú ìbọ̀wọ́ àti fìlà onírun. Gbogbo rẹ̀ lẹ lè háyà nítòsí Shinjuku, títí kan bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀, kò pọn dandan kẹ́ ẹ rà á.

Tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń so mọ́ orí, dandan ni, tòun ti bátìrì mìíràn. Iná fóònù ò tó, ẹ ó nílò ọwọ́ méjèèjì láàárín àwọn àpáta Ibùdó Keje. Kí ẹ̀gbọ́n obìnrin dán an wò sórí irun dídì rẹ̀ nílé, rọ́bà àwọn kan kì í gùn tó orí tó ní bíréèdì, á máa yọ̀ bọ́ lóru. Kó mú òrí dání fún ètè àti imú. Àwọn èèyàn wa máa ń rò pé oòrùn kì í jó awọ dúdú, ẹ fi ìpara oòrùn para kẹ́ ẹ tó sọ̀ kalẹ̀.

Ọmọ Ìlọrin (Jakarta)

Tí dókítà bá sọ pé kí ẹ̀gbọ́n má lọ Fuji, kó má bara jẹ́. Batur wà ní Bali, òkè ayọnáyèéfín lòun náà, 1,717 mítà péré ni. Ààárín aago mẹ́ta sí mẹ́rin òru ni wọ́n ń gbéra, nǹkan bíi wákàtí méjì ni gígùn rẹ̀, afinimọ̀nà ará ibẹ̀ á tẹ̀ lé yín. Oòrùn á yọ lódìkejì adágún omi. Ọdún 2000 ló yọ iná kẹ́yìn, ti Fuji ni 1707, tí eérú rẹ̀ dé Tokyo nígbà tí wọ́n ṣì ń pe ìlú náà ní Edo.

Fún àwa Mùsùlùmí tó máa ka ibí yìí: lóṣù kẹjọ, àsìkò Subhi lórí Fuji máa ń wọlé lẹ́yìn aago mẹ́ta ìdájí, ẹ sì gbọ́dọ̀ kí i kí oòrùn tó yọ. Ẹ má jẹ́ kí fọ́tò gbà á mọ́ yín lọ́wọ́. Omi ẹ̀rọ ò sí lókè, táyámọ́mù lẹ ó ṣe.

Akẹ́kọ̀ọ́ Shizuoka

Gbogbo wa sọ̀rọ̀ gígùn, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ sísọ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣubú jù. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń sọ̀ ní Yoshida jẹ́ eérú òun òkúta wẹ́wẹ́, wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin ni, kò sí òjìji kankan, orúnkún á máa gbọ̀n. Ẹ ra ọ̀pá méjì, ẹ so nǹkan bo ẹnu bàtà kí òkúta má wọlé, kẹ́ ẹ sì bo imú nítorí eruku.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: nítòsí Ibùdó Kẹjọ ni ọ̀nà Yoshida àti Subashiri ti pínyà nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀. Àwọ̀ yẹ́lò ni àmì Yoshida, pupa ni Subashiri, búlúù ni Fujinomiya, àwọ̀ ewé ni Gotemba. Lójoojúmọ́ ni ẹni tó rẹ̀ máa ń tẹ̀ lé èrò, tó ń lọ já sí ìhà kejì òkè, níbi tí bọ́ọ̀sì Shinjuku kì í dé. Takisí láti ibẹ̀ wọ́n gan-an.

Ẹ mú owó wẹ́wẹ́ 100 yẹ́nì púpọ̀, ilé ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gba 200 sí 300. Ìdọ̀tí yín, ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀, kò sí ibi tí wọ́n ń dà á sí.

Ọmọ Lísàbí (Chiba)

A ti ṣe é báyìí. Dókítà ẹ̀gbọ́n mi ní AS ni lóòótọ́, ó ní kó máa lọ, kó má sáré, kó mu omi dáadáa, kó sì sọ̀ tí ìrora bá dé. Yoshida la gbà. Mo gba ìsinmi níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú ní ìparí oṣù kẹjọ, torí mo rí i pé ọjọ́ kọkànlá jẹ́ ìsinmi ọjọ́ òkè, Obon, ọdún ìrántí àwọn baba ńlá wọn, sì tẹ̀ lé e, èrò á ti pọ̀ jù. Ilé ìsùn tá a rí wà ní Ibùdó Kẹjọ, oúnjẹ alẹ́ àti ti àárọ̀ wà nínú owó rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun á pinnu lóru ọjọ́ náà bóyá òkè tàbí ẹnu ọ̀nà.

Ìbéèrè kan ló kù: tí ojú ọjọ́ bá bàjẹ́ ńkọ́? Ṣé a lè sún un sí oṣù kẹwàá, nígbà tí mo tún láàyè?

Ìyá Ìbejì (Yokohama)

Oṣù kẹwàá? Rárá o. Ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ti ọ̀nà pa ní 2025, ilé ìsùn á ti kógbá wọlé, ilé ìtọ́jú náà á ti kógbá wọlé, yìnyín sì lè ti bẹ̀rẹ̀. Lóṣù kẹrin 2025 ni wọ́n fi hẹlikópítà gbé akẹ́kọ̀ọ́ kan kúrò lórí rẹ̀, ó tún padà lọ wá fóònù tó fi síbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà, wọ́n sì tún lọ gbé e. Ẹ má ṣe é.

Ìparí oṣù kẹjọ jẹ́ àsìkò ìjì líle. Ẹ ka òfin ilé ìsùn yín lórí dídá owó padà lónìí. Ẹ pè wọ́n lọ́jọ́ tó ṣáájú, ẹ bi wọ́n bí afẹ́fẹ́ ṣe rí lókè, torí ojú ọjọ́ Tokyo kò sọ nǹkan kan nípa ti orí òkè. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ má wá, ẹ fagi lé e. Tí àrá bá bẹ̀rẹ̀ sí í sán nígbà tẹ́ ẹ ti wà lójú ọ̀nà, ẹ wọ ilé ìsùn tó bá sún mọ́ yín, ì báà má ṣe tiyín. Ẹ bi àwọn tó ni ilé ìsùn yín bóyá wọ́n lè gbà yín lọ́jọ́ Ọjọ́rú sí Ọjọ́bọ̀ tí ti Ìṣẹ́gun bá bàjẹ́, kẹ́ ẹ sì tètè bẹ ọ̀gá yín níbi iṣẹ́ kó fi Ọjọ́bọ̀ kún un.

Ọmọ Lísàbí (Chiba)

Mo ti pè wọ́n. Wọ́n ní àyè wà lọ́jọ́ Ọjọ́rú, àwọn á sì fi í pa mọ́ fún wa títí di aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọ̀gá mi náà ti fi Ọjọ́bọ̀ kún un.